Ilojo Bar: Ilé Tí Èkó Pàdánù àti Ẹ̀kọ́ Tó Fi Sílẹ̀ fún Àjàṣẹ́

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọdún Iléyá, ẹ̀rọ katakata dojú kọ ilé àtijọ́ kan ní ìgboro Èkó, létí Gbàgede Tinúbú. Nígbà tí ẹ̀rọ náà yóò fi sinmi, ilé ọ̀hún ti di òkìtì bíríkì àti igi fífọ́. Ilojo Bar ni orúkọ tí àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó kọ́ ọ pè é ní Casa do Fernandez, èyíinì ni ilé Fernandez. Nǹkan bí ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ; ó ti lo ohun tó lé ní 160 ọdún lórí ìdúró kí ó tó wó. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ka ilé náà kún ohun ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó láìgba àṣẹ. Òfin yẹn kò dí katakata lọ́wọ́.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ilé kan tó wó ní Èkó. Ó kàn wá púpọ̀. Irú ọwọ́ tó mọ ògiri ilé yẹn náà ló mọ ọ̀pọ̀ ògiri tí à ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ní Àjàṣẹ́. Bákan náà, ilé náà dàgbà ju ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 lọ. Àwọn tó kọ́ ọ kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa pe Èkó ní ìlú òkèèrè ní Àjàṣẹ́. Ìtàn ilé yìí jẹ́ ìtàn wa, ohun tó sì ṣe é lè ṣe èyí tó kù lọ́wọ́ wa.

Àwọn Àgùdà, láti Bàhíà dé etíkun wa

Ogun tó tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́-Ilé ń wọmi, ló sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹrú. Láti èbúté Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n ti ń kó wọn sọdá òkun lọ sí Bùràsíìlì, pàápàá sí ìlú Salvador ní Bàhíà. Níbẹ̀, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ kan náà tí àwọn aládùúgbò wa ń pè wá ní Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní Salvador. Ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìtàn, ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú "Ìmàle" tiwa. Àwọn ọmọ ogun ìjọba borí wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ìfura ni ìjọba Bàhíà fi ń wo gbogbo adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú. Àwọn mìíràn fúnra wọn ló wá ọkọ̀ òkun tí wọ́n bá padà.

Òmìnira yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bùràsíìlì kò fòpin sí oko ẹrú títí di ọdún 1888. Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé ṣáájú ìgbà náà ní láti ra ara rẹ̀ padà, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Salvador tí wọ́n ń dá owó jọ, tí wọ́n sì ń fi owó àjọ náà ra òmìnira fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó bá mọ èésú mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí a bá ń wo ilé Àgùdà, kí a rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ san owó orí ara wọn kí wọ́n tó san owó bíríkì.

Àwọn tó padà kò dé lọ́wọ́ òfo. Bíríkìlà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ, alásè àti oníṣòwò. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Àwọn kan jẹ́ Kátólíìkì, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbàgbé òrìṣà ilé baba wọn. Àgùdà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ní Èkó, Pópó Àgùdà ni orúkọ àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ní Àjàṣẹ́, orúkọ bíi Paraïso, da Silva, d'Almeida àti Campos ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé títí di òní. Pierre Verger tọ ipa ọ̀nà wọn nínú ìwé ńlá rẹ̀, Flux et reflux, tó jáde ní ọdún 1968. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rí i pé ẹbí kan náà lè ní ilé ní ìlú méjì tàbí mẹ́ta létí òkun yìí, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wà ní Èkó, kí ọmọ àbúrò wà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ouidah.

Ilé tí ẹsẹ̀ ń pé sí

Àárín gbùngbùn ìlú ni ilé Fernandez dúró sí. Gbàgede tó wà níwájú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí agbára rẹ̀ kó ìdààmú bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, tó fi lọ di ẹni ńlá ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ilé náà ṣì jẹ́ tuntun, Èkó kò tí ì di ìlú abẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1861 ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ilé náà ti wà níbẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó dé, ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lókè bí ọrun, wọ́n sì kọjú sí ìgboro, tí ẹni tó jókòó sínú fi ń rí ẹni tó ń kọjá, tí ẹni tó ń kọjá náà sì ń rí ẹni tó jókòó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí agbo ilé tiwa, níbi tí ògiri ti yí àgbàlá ká tí ọ̀rọ̀ ilé kì í fi í hàn síta. Ilé Àgùdà ló kọ́kọ́ mú kí ilé máa wo ojú pópó ní ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ilé ọtí lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò ẹni tó ti òkè òkun dé nígbà náà. Ìlú tí wọ́n ti kó o lẹ́rú lè ti jóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ti kú sójú ogun. Àwọn ará Èkó ń wo aṣọ rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ èdè Potogí lẹ́nu rẹ̀, wọn kò sì kà á sí ọmọ onílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní agbo ilé tí yóò padà sí, nítorí náà ó nílò ibi tí wọn yóò ti mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí oúnjẹ Bàhíà bá ti ń ta sánsán, tí a ti lè béèrè ẹni tó ń wá bíríkìlà, tí a ti lè gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò di agbo ilé fún un. Títí di òní ni àwọn ọmọ Àgùdà ń se fèrèjọ́n, ẹ̀wà alágbọn, ní ọjọ́ Ẹtì Rere ní Èkó. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé láìsí ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ pọ̀.

Ní ọdún 1933, ẹbí Fernandez ta ilé náà fún Alfred Omolana Olaiya. Ilé náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ Àgùdà, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tó ti òkè wá ṣòwò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Victor Olaiya, ẹni tí a bí ní ọdún 1930, tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká afunfèrè nínú orin háíláìfù, irú orin tí a jó sí létí òkun yìí láti Akra dé Èkó kí àwa tí à ń kọ̀wé báyìí tó dáyé. Ó kú ní ọdún 2020, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ilé baba rẹ̀ wó. Nínú ilé kan ṣoṣo yìí, ìtàn mẹ́ta ti kọjá: ti àwọn tó ra ara wọn padà, ti àwọn oníṣòwò tó rọ́pò wọn, àti ti orin tó bá ìlú náà dàgbà.

Ọgọ́ta ọdún lábẹ́ òfin

Ní ọdún 1956, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, òfin ti wà lórí rẹ̀. Òfin tí ìjọba tún ṣe ní ọdún 1979 gbé iṣẹ́ ìtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ lé àjọ kan lọ́wọ́, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ. Láti 1956 dé 2016 jẹ́ ọgọ́ta ọdún gééré. Kí ló dé tí òfin ọgọ́ta ọdún kò lè gba ilé kan là?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó ti tọ́jú ilé ẹbí rí. Òfin kì í dí ojú òrùlé tó ń jò. Ilé tí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí, ẹbí náà ló sì ń gbé ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un kọ́ láti fi gba owó ilé, òfin kọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe bó ti wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ wọ́n ju bíríkì tuntun lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lórí ilẹ̀ kan náà ní ìgboro Èkó, àwọn mìíràn ń kọ́ ilé alájà mẹ́fà, wọ́n ń fi yàrá kọ̀ọ̀kan gbowó. Àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí a gba ilé náà là, ṣùgbọ́n ariwo kì í di sìmẹ́ǹtì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ilé náà ti lanu tipẹ́ kí katakata tó dé.

Nígbà tí ó wó, igbe ta. Àwọn ìjòyè ìjọba bínú, àwọn ọmọ Àgùdà sunkún, àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán òkìtì náà jáde. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ilé náà lọ́jọ́ tí kò sí mọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ìlú tí ò rántí ohun tí ó ń ṣe nínú ilé kan kò ní mọ ìgbà tí ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó gbó ni kò gbọdọ̀ wó. Mọ́ṣáláṣí àgbà Èkó, tí a ṣí ní ọdún 1913, tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà hàn lára rẹ̀ gbangba, wó pẹ̀lú. Tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n ṣí ní ọdún 1988. Àwọn olùjọ́sìn ti pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ilé tó gbà wọ́n. Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè ni pé, kí a tó wó ilé, ta ló ti gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀?

Kétu: ìlú tó jóná, ìtàn tí kò jóná

Àwa náà ní ìhà ìhín ti rí ìwólulẹ̀ tó ju ti ilé kan lọ. Ní ọdún 1886, nígbà ayé Glèlè ọba Dànhọmẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́gun Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n pa nínú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ tó kù ní ìgbèkùn lọ sí Abomey. Ahoro ni Kétu jẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé wọ Abomey ní ìparí ọdún 1892 ni àwọn tó wà ní ìgbèkùn rí ọ̀nà padà wálé, tí wọ́n ro ilẹ̀ tó ti kún, tí wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè ńlá tó wà lára odi ìlú, wà lára àwọn ohun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Báwo ni ìlú tó jóná bẹ́ẹ̀ ṣe mọ iye ọba tó ti jẹ, ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, àti ẹni tó tọ́ sí oyè wo? Kétu ní oyè kan tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹlẹ́gùn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Ẹni tó bá wà nípò náà gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú lórí, kí ó sì kà á jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, lójú àwọn tó lè mọ̀ bí ó bá ṣì í sọ. Wọn kì í fi ìtàn náà sílẹ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn lọ́jọ́ náà láti máa sọ ọ́. Orúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà kàn hàn, ọjọ́ tí yóò jẹ́ ẹ hàn, ìyà àìmọ̀ ọ́n sì hàn. Nígbà tí ògiri wó, ẹnu kò wó.

Kí a fi méjèèjì wé ara wọn. Ilojo Bar ní ìwé òfin, ṣùgbọ́n kò ní ẹnikẹ́ni tí ìlú yàn pé kí ó máa sọ ìtàn rẹ̀. Kétu kò ní ìwé òfin, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí a yàn. Èyí tó pẹ́ jù nínú méjèèjì hàn sí gbogbo wa.

Àjàṣẹ́ lónìí

Àjàṣẹ́ ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́. Ní àdúgbò Accron, ojúbọ Aborí Mẹ́sàn-án ṣì wà, ibi tí ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ti rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ọ̀gán. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìrántí: àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń pè é lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bá wa tọ́jú rẹ̀ láìmọ̀. Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà àti Yorùbá kọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún dúró sí àárín ìlú, ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà débi pé àlejò a máa béèrè ẹ̀ẹ̀mejì. Láti ọdún 1998 ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva ti ń ṣàfihàn ìgbé ayé àwọn Àgùdà. Ọdún kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí à ń pè ní EPA, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa. Ilé iṣẹ́ àṣà Ouadada ti bá àwọn agbo ilé tún àwọn gbàgede òrìṣà ṣe, àwọn gbàgede tí àwọn Gùn ń pè ní honto, tí wọ́n fi tún di ibi ìpàdé fún tọmọdé tàgbà. Bí oṣù kìíní bá dé, àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim, Bourian a jáde pẹ̀lú ìlù àti aṣọ aláràbarà.

Síbẹ̀, ẹ rìn gba àwọn àdúgbò àtijọ́ kọjá lẹ́yìn òjò. Amọ̀ ni inú ọ̀pọ̀ ògiri Àgùdà, ìrẹ́lẹ̀ lásán ló bo ojú rẹ̀. Bí páànù kan bá ṣí lókè, omi a wọ inú amọ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́rin a tó fún un láti tú. Páànù kan kò wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Ilé tí baba kan kọ́ ti di ti ọmọ-ọmọ ogójì, àwọn kan wà ní Cotonou, àwọn kan ní Libreville, àwọn kan ní Paris. Ẹni tó bá rà á ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní ó fẹ́ gba ilé. Ẹni tí kò rà á ń retí kí ẹlòmíràn rà á. Báyìí ni ilé ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń kú ikú aláìlọ́mọ.

Èmi tí mò ń kọ èyí ní ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ni mí ní ilé ìwé girama. Ilé Àgùdà kan wà ní àdúgbò wa tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò tí àwọn obìnrin sì ń tajà. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wó nígbà òjò, àwọn ajogún sì wó ìyókù kí ó má baà pa ọmọ ènìyàn. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ béèrè nílé pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní ilé aránṣọ ni. Èkejì ní ilé kéú ni. Ẹ̀kẹta ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àìsùn òkú àdúgbò. Wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà. Mo wá gbọ́ pé ìyá àgbà kan tó ti dín àkàrà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ìgbà èwe rẹ̀ ló lè là á yé wa. Mo ránṣẹ́ sí i, ó ní kí n máa bọ̀. Ìwé ìdánwò pọ̀ níwájú mi, mo sì sún un di ìsinmi ọdún Àjíǹde. Kí ìsinmi tó dé, ìyá ti ṣípò padà. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. N kò lè sọ fún wọn pé mo ti pẹ́ jù.

Bí a ṣe lè gba ìrántí sílẹ̀

Láti ìgbà náà, èmi àti àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé. Fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa tó láti gba ohùn sílẹ̀. Ohun tó ṣòro ni ìbéèrè. Bí a bá sọ fún àgbàlagbà pé kí ó sọ ìtàn ilé náà, yóò sọ ohun tó rò pé olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé, ta ló máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn? Kí ni wọ́n ń tà, èló ni? Orin wo ni wọ́n ń kọ? Èdè wo ni wọ́n ń fi ń bú ara wọn? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ níbẹ̀? Nígbà náà ni ilé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí dìde. Àwọn mìíràn a mú igi, wọ́n a fi ya àwòrán ilé sórí ilẹ̀: yàrá rèé, kànga rèé, ibi tí a ti ń ki àgbà rèé. Kí a ya fọ́tò àwòrán náà kí wọ́n tó gbá ilẹ̀.

Kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ẹni náà fi sọ ọ́, ìbáà ṣe Yorùbá, Gùn tàbí Faransé. Ìtumọ̀ lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Kí a má gbàgbé àwọn obìnrin tó ń tajà, tó ń sè, tó ń gbálẹ̀, nítorí àwọn ló wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Bí ẹni méjì bá sọ ohun tó tako ara wọn, kí a kọ méjèèjì. Ilé aránṣọ, ilé kéú àti ibi àìsùn òkú lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà ló yàtọ̀, tàbí wákàtí.

Fọ́tò ẹbí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n fọ́tò tí kò ní orúkọ lẹ́yìn yóò di àjèjì láàárín ìran kan. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ẹ̀dà kan ohun tí a bá gbà sílẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹbí, kí èkejì wà ní ilé ìwé tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àṣà. Ohun tó wà níbì kan ṣoṣo wà lójú ọ̀nà àtisọnù.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo kà sí pàtàkì jù, ọ̀dọ̀ Kétu sì ni mo ti kọ́ ọ: kí a yan ẹni. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan, àdúgbò kọ̀ọ̀kan, yan ọ̀dọ́ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí yóò máa sọ ìtàn ibi ìpàdé wọn níwájú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bóyá lọ́jọ́ Bonfim, bóyá lọ́jọ́ ọdún ìlú, bóyá níbi ìpàdé ẹbí. Kí àwọn àgbà jókòó tì í láti tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ilé bá ṣì dúró, ìtàn yóò fi ìdí tí ó fi yẹ kí a ra páànù hàn àwọn ajogún. Bí ilé bá sì ti lọ, ohun kan yóò kù tí katakata kò lè dé ibẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni Ilojo Bar, ó sì ti ṣubú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní òkè òkun, ẹ mọ ilé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ìdí igi kan tí ìran yín ti ń pé jọ sí. Ẹ mọ ẹni kan tó ṣì rántí rẹ̀. Ẹ má dúró de ìsinmi ọdún Àjíǹde.